Wọ́n Ní N Kò Mọ̀ Pé Ó Ń Dùn Mí

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì dá nígbà tí wọ́n kí ìrun àárọ̀ tán. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, kùrukùru bo gbogbo Lákòwé, n kò lè rí òkìtì yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sí ẹ̀gbẹ́ ilé mi. Kò sí atẹ́gùn rárá. Ewé àgbọn kò mì. Ilẹ̀ tutù, síbẹ̀ òógùn ń bọ́ lọ́rùn mi. Mo sọ nínú ara mi pé oòrùn máa mú bí kùrukùru yìí bá ká, kí n tètè gbé àgbọn mi kaná kí ooru tó dé. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń rin àgbọn, mo máa ń fún wàrà rẹ̀, mo sì máa ń sè é títí yóò fi di òróró.

Ẹ̀yìn ọrùn mi ti ń dùn mí láti ọjọ́ tó ṣáájú. Kì í ṣe bí ìgbà tí ènìyàn sun ọrùn wọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé òkúta tútù lé mi lẹ́yìn orí. Mo lo oògùn ìbà tí mo rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mo lọ sùn. Lówùúrọ̀ yẹn, bí mo ṣe jókòó sórí àpótí tí mo wo abọ́ àgbọn tó wà níwájú mi, abọ́ náà di méjì. Mo nawọ́ sí èyí tó wà lápá ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ni mo gbá mú. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo pe Rìṣí, ìyàwó ọmọ mi, tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé.

"Màmá, kí lẹ wí?"

Mo tún un wí.

"Màmá, ẹ má fi mí ṣeré o. Ṣé ẹ fi nǹkan sẹ́nu ni?"

N kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Ahọ́n mi ló ti wúwo bí ẹran tútù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, bí nǹkan kan bá di méjì lójú yín, bí ahọ́n yín bá wúwo, tí ilé sì ń yí, ẹ má lọ sùn, ẹ má sì máa wá oògùn ìbà kiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín dé ilé ìwòsàn kí nǹkan tó bà jẹ́.

Wàsíù ọmọ mi, ọkọ Rìṣí, ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Lẹ́kkí Free Zone. Ó ti jáde, Rìṣí pè é, ó yí padà lójú ọ̀nà. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi dé, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ìkejì náà, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ní èyí tí wọ́n ti gbà wá, ìlà gùn dé ẹnu géètì, ọkùnrin tó ń gba káàdì sì sọ fún Rìṣí pé kí ìyá wá dúró sórí ìlà.

Rìṣí ní, "Ta ni yóò dúró? Ṣé ẹni tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n wọlé yìí ni ẹ fẹ́ kó dúró?"

Mo gbọ́ ọ. Ojú mi ti pa dé nígbà náà, n kò lè là á. Ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ mi, ètè mi, kò sí èyí tó dá mi lóhùn mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, mo tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ó pariwo sí mi létí. "Ìyá! Ìyá! Ẹ la ojú yín!" N kò lè là á. Ó wá di ìkúùkù, ó fi oríkèé ìka rẹ̀ ha egungun àyà mi bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò tó jóná. Ó dùn mí wọ eyín. Mo kígbe. Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe náà nítorí kò jáde lẹ́nu mi. Ó mú bíìrò rẹ̀, ó fi tẹ èékánná àtàǹpàkò mi mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ọmọ mi, ó tó, ó tó, mo ti gbọ́." Ìka mi kò mì.

Ó yí sí Wàsíù. Ó ní, "Kò mọ nǹkan kan. Ẹ má da ara yín láàmú lórí ti ìrora, kò dùn ún."

Mo ti bímọ márùn-ún, mo ti sin mẹ́ta nínú wọn. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bà mí lẹ́rù tó mẹ́ta yìí rí: kò dùn ún. Láti ìgbà tí ó ti sọ ọ́, kò sí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kàn mí mọ́. Wọ́n ti rọ́bà bọ mí nímú dé ikùn, ọ̀fun mi ń ja, wọ́n ń tì í lọ. Nọ́ọ̀sì méjì ń wá iṣan mi, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán.

"Iṣan ìyá yìí ń sá."

"Tún un gún níbòmíràn."

"Mo ti gún un káàkiri."

"Ṣé òun ló máa bá ẹ jà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú sí wọn mọ́ báyìí. Bí ènìyàn bá gbà pé àpò gàrí ni nǹkan tó wà níwájú òun, kò ní máa bẹ àpò gàrí pé kó má bínú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí le díẹ̀ láti sọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìgbà mìíràn wà tí n kò mọ̀ bóyá mo wà tàbí n kò sí. Bí n kò bá gbọ́ ohùn, tí nǹkan kan kò sì kàn mí lára, ńṣe ni mo máa ń yọ́ lọ bí iyọ̀ nínú omi. N kò mọ orúkọ ara mi. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ á wọlé, oró rẹ̀ á sì kó mi jọ padà. Á ní, ọwọ́ nìyí, ọwọ́ Àfúsá ni, Àfúsá wà níbí. Bí mo ṣe di ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tó sì ń retí rẹ̀ nìyẹn. Ìrora nìkan ló gbà pé mo wà láàyè. Gbogbo àwọn tó kù ti gbà pé mo ti lọ.

Mo tún rí nǹkan kejì. Ìrora kan náà kì í dùn bákan náà. Bí wọ́n bá ṣàdédé yí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó máa ń dà bí ẹni pé egungun ìdí mi ya. Ṣùgbọ́n Rìṣí ní tirẹ̀ kò fi sísọ̀rọ̀ sí mi sílẹ̀. Á ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, mo fẹ́ yí yín sápá òsì báyìí." Á kà á, oókan, eéjì, á yí mi. Á dùn mí, àmọ́ kò ní dùn mí tó ti àkọ́kọ́. Ara kan náà ni, yíyí kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó, ògiri lò ń kí yẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n kí ògiri mi. Ṣé ti yín ni mo kí ni?"

Nígbà tó yá, ojú mi là. Inú mi dùn. Mo ní wọ́n ti máa rí mi báyìí. Wọn kò rí mi. Àjà nìkan ni mo ń wò, n kò lè wo ọ̀tún, n kò lè wo òsì. Dókítà dé, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò mí lójú, ó ní ojú lè là láìsí ẹni kankan nínú rẹ̀. Ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Alhájì Lásísì, tó ń gbé ní Jakande ní Ìlasàn, kò gbà fún dókítà. Láti kékeré wa la ti mọ̀ pé bí ènìyàn bá dákú, wọ́n á fún ata sí i lójú, á sì jí. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ìgò kékeré lábẹ́ agbádá, ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

"Wàsíù, bá mi wo ẹnu ọ̀nà."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bi dókítà ná."

"Dókítà wo? Ta ló bí i nígbà tí mo ti ń rí àwọn tó ń dákú? Wo ẹnu ọ̀nà!"

Ó kán an sí mi lójú. N kò ní gbìyànjú láti sọ bó ṣe rí. Ẹni tí ata bá ti ta sí lójú rí mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ téèyàn máa ń ṣe ni kó fọwọ́ nù ún, kó sáré lọ síbi omi. N kò lè nù ún, n kò lè sáré. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ mo ń jóná. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. "Ẹ wò ó! Ó ń sunkún! Ó ti ń jí! Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Nínú oró yẹn, ayọ̀ wọ̀ mí. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi, mo wà ńbí, ẹ sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó gbóòórùn.

"Bàbá, kí lẹ fi sójú aláìsàn wa?"

"Oògùn ni."

"Ata nìyí! Ojú ẹni tó sùn fọnfọn gan-an á ṣomi bí ẹ bá fi ata sí i. Kò túmọ̀ sí pé ó mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń fọ ara rẹ̀."

Bí omi ojú mi ṣe di òfo nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìrètí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun tó ti ń bá wọn jà tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹni tó fẹ́ kí á máa lọ sílé.

Ó sọ ọ́ lórí mi, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. "Wàsíù, ìyá rẹ ti lọ. Ara ló kù."

"Bàbá, ó ń mí."

"Ara ló ń mí. Àfúsá tí mo mọ̀, ṣé á dákẹ́ báyìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ rọ́bà imú yìí, ká gbé e lọ sílé, kó sinmi lórí ẹní rẹ̀. O ti ná gbogbo ohun tó o ní, o ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Kí lo tún fẹ́ ṣe?"

Wàsíù kò dáhùn. Ọmọ tí mo bí ni, mo mọ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ń gbà ló máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ẹ bá mi rò ó wò. Rọ́bà yẹn ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń mu omi. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ebi á pa mí, òǹgbẹ á gbẹ mí, n ó sì mọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ènìyàn mi á sì jókòó yí mi ká, wọ́n á máa fi ara wọn lọ́kàn balẹ̀ pé kò dùn ún. Ẹ̀rù mìíràn tún wà nínú èyí. Àwa kì í pẹ́ sin òkú. Mo bẹ̀rù pé wọ́n lè wẹ̀ mí, kí wọ́n fi aṣọ funfun dì mí, kí n ṣì máa gbọ́ ohùn wọn. Mo fi gbogbo agbára mi ti ìka ọwọ́ mi. Mo fi ti ètè mi. Ojoojúmọ́, láti ìgbà tí wọ́n gbé mi dé, ọwọ́ àti ètè yìí ni mo ń tì, torí ohun tí ènìyàn fi ń pe ènìyàn nìyẹn. Kò sí èyí tó gbọ́.

Ní Jímọ́ọ̀, Alfa àdúgbò wa bá wọn wá. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó fi ẹnu sí mi létí. "Ìyá, ẹ wí i tẹ̀lé mi. Lá iláha illallọ́hù." Mo mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tó ń kú lọ là ń sọ ọ́ sí létí. Mo wí i. Nínú mi níbẹ̀, mo wí i, mo sì tún fi kún un pé, Ọlọ́run, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ. Alfa na ìka ìfábẹ̀lá mi sókè bí a ṣe máa ń ṣe. Ó fi sílẹ̀, ìka náà ṣubú. Ó mí kanlẹ̀.

"Kò yẹ kí ojú yìí máa wo àjà báyìí," ló wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú mi dé.

Òkùnkùn bò mí. Bí òkùnkùn yẹn ṣe bò mí ni nǹkan kan nínú mi kọ̀ jálẹ̀. Mo la ojú.

Ó tún pa á dé. Mo tún là á.

"Alhájì, ojú yìí mà ń padà o."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Alfa."

"Mo tẹ̀ ẹ́! Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín."

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ mi. Ó fi ìka méjì pa ojú mi dé, ó dì í mú díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo là á, mo sì gbé e sókè, sí iwájú orí mi, níbi tí ojú rẹ̀ wà. Mo wò ó.

Ó fò sẹ́yìn, ó gbá Alfa lẹ́sẹ̀. "Yéè! Àfúsá! Ìwọ ni?"

"Ẹ dúró," ni Rìṣí wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ lé ẹyẹ. "Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Màmá, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ di ojú yín fúnra yín."

Mo di ojú.

"Ẹ là á."

Mo là á.

"Ẹ wo òkè."

Mo wo òkè. Rìṣí figbe ta, gbogbo wọ́ọ̀dù dìde.

Dókítà obìnrin kan ni wọ́n sáré pè. Òun kò pariwo sí mi. Ó tẹ̀ ba, ó ní, "Màmá, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wo òkè. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ di ojú. Ṣé Wàsíù lorúkọ ọmọ yín?" Mo wo òkè. "Ṣé ọkùnrin ni yín?" Mo di ojú. Àwọn bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín. Wàsíù ti wà nílẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Màmá, ṣé ẹ ti wà níbẹ̀ látìgbà yìí?"

Mo wo òkè.

Dókítà náà ló ṣàlàyé fún wọn, bó ṣe sọ ọ́ lèmi náà ṣe ń sọ ọ́ fún ènìyàn. Ó ní ó dà bí ilé tí iná ń wọ, tí mítà ń kà, àmọ́ wáyà tó yẹ kó gbé iná lọ síbi gílóòbù ti já. Ẹni tó dúró níta á rí ilé tó ṣókùnkùn, á ní kò sí iná níbẹ̀. Oró ń wọ ọpọlọ mi, ọpọlọ mi sì ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tó yẹ kó gbà sọ ọ́ síta ni ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí. Ojú nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ kò dí.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mo ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ahọ́n mi ti padà, ó ṣì ń fà díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò lè rin àgbọn mọ́, kò sì lè kọ̀wé. Èmi ń sọ, Rìṣí ń kọ. Apá òsì mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á, láti èjìká dé ẹsẹ̀, bí aṣọ tútù bá sì kàn án, iná ni. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Àwọn mìíràn á wò mí títí, wọ́n á ní, ọgbẹ́ dà? Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe awọ ara mi, inú orí lọ́hùn-ún ni ìrora náà ti ń wá, ó sì jẹ́ ìrora tòótọ́. Mo ń lo oògùn rẹ̀. Ó ń dín in kù, kò mú un lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń jókòó tí n kò ní lè sọ ju "ó tó" lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn tó dùbúlẹ̀ tí kò fèsì, n kò sọ pé gbogbo wọn ló ń gbọ́. Dókítà sọ fún mi pé àwọn kan kò mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó yí i. Ẹ ní kó wo òkè, kó di ojú, ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lọ, ẹ tún un ṣe lọ́la. Ẹ bi dókítà léèrè oògùn ìrora fún un, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní kò mọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ata wà nínú ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n rí mi yẹn, ayọ̀ pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó rántí bi mí bóyá nǹkan kan ń dùn mí. Wọ́n ń jó, wọ́n ń pe àwọn ará Lákòwé lórí fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Wàsíù dé láàárọ̀. Ó gbé àga sún mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ó ń dùn yín níbì kan?" Mo wo òkè. Ó ní, "Ṣé orí ni?" Mo di ojú. "Ọrùn?" Mo di ojú. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú ilé. "Èjìká?" Mo wo òkè. "Ọ̀tún?" Mo di ojú. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká òsì mi, ó ń fọwọ́ wá a, ó sì fa nǹkan kékeré kan yọ. Ìdérí abẹ́rẹ́ ni, oníke, kò ju orí ìka lọ. Ó ti wọ inú ẹran mi, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ó tún ku ibì kan?"

Mo wo òkè.

Ó fa àga náà mọ́ra, ó ní, "Ó dáa. Ṣé ẹ̀yìn ni?"